Wọ́n Ní Kí Wọ́n Sá fún Ìjì: Kí Ló Dé Tí Àwọn Kan Kò Lọ?

Àwọn àgbà a máa gbàdúrà pé ẹni tí a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́. Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn gbọ́ ìkìlọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó ní ọ̀nà tí yóò gbà tẹ̀lé e. Láàárín méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti ṣòfò. Ọ̀rọ̀ náà ni a fẹ́ fi ojú ṣùnnùkùn wò lónìí, nítorí pé ó kan ẹnikẹ́ni tí ilé rẹ̀ wà ní ibi tí omi lè dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2005, Ray Nagin tí í ṣe olórí ìlú New Orleans nígbà náà, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí gbogbo ará ìlú fi ilé wọn sílẹ̀ kíákíá. Ìjì líle orí òkun, irú èyí tí wọ́n ń pè ní họ́ríkéènì, ni ó dojú kọ wọ́n. Katrina ni wọ́n sọ ọ́. Ní ọjọ́ náà, ẹ̀fúùfù inú rẹ̀ ń sáré ní 280 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Robert Ricks, òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní ìtòsí ìlú náà, kọ ìkìlọ̀ kan jáde tí ó ba àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́rù. Ó ní púpọ̀ nínú agbègbè náà kò ní ṣeé gbé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Òrùlé yóò ṣí, iná mànàmáná yóò kú, omi mímu yóò sì di ọ̀wọ́n.

Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn, ní New Orleans àti agbègbè rẹ̀, tí ó gbọ́ tí ó sì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún kò kúrò. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ìjì dé. Àwọn odi tí wọ́n mọ láti fi dá omi dúró ya ní ibi tí ó lé ní 50, omi sì bo nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà. Ìṣirò tí àwọn aláṣẹ tún ṣe ní ọdún 2023 fi hàn pé ènìyàn 1,392 ni ó bá ìjì náà lọ. Ohun ìní tí ó bàjẹ́ tó 125 bílíọ̀nù dọ́là.

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé: wọ́n kúkú kìlọ̀, kí ló dé tí wọn kò lọ? Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ béèrè. Ẹjọ́ ni wọ́n dá. Wọ́n ní olórí kunkun ni àwọn tí ó dúró, wọ́n ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tí ó dúró pẹ̀lú.

IBI TÍ ÌJÌ NÁÀ TI Ń WÁ

Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ wà ní Òkè Ọya, ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Mákúrdí, má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará òkèèrè lásán ni èyí. Ìjì tí ń ṣáájú òjò, tí ń ká páànù lórí ilé yín ní ìgbà òjò, ìbátan họ́ríkéènì ni.

Lọ́dọọdún, ìgbì afẹ́fẹ́ a máa ti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó ń gba òkè àríwá Nàìjíríà kọjá, ó ń gba Málì àti Sẹ̀nẹ̀gà, títí yóò fi bọ́ sórí òkun Àtìláńtíìkì. Bí 60 irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọjá lọ́dún. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń túká láìṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá bá omi òkun pàdé níbi tí ó ti gbóná tó ìwọ̀n 26 tàbí 27 ní òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, ooru omi náà a gòkè, a di ìkúukùu, ìkúukùu a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí po bí ààjà. Bí ó bá ti ń rìn lórí omi gbígbóná ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nínú àwọn họ́ríkéènì tí ó le jù lọ lórí Àtìláńtíìkì, ó lé ní mẹ́rin nínú márùn-ún tí ó ti ara ìgbì ilẹ̀ Áfíríkà yìí ṣẹ̀. Oṣù Kẹfà ni àkókò wọn ń bẹ̀rẹ̀, ó ń parí ní ìparí oṣù Kọkànlá.

Àwọn baba wa pe odò ńlá tí a ń sọdá lọ sí àríwá ní Odò Ọya, wọ́n sì gbà pé Ọya ni ó ni ẹ̀fúùfù. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé orúkọ náà dání sọdá òkun. Títí di òní, Ọya ni àwọn ọmọ ọmọ wọn ń pe òrìṣà ìjì. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ Kúbà láìpẹ́.

ÀSỌTẸ́LẸ̀ ÀTI ETÍ TÍ Ó GBỌ́ Ọ

Láyé àtijọ́, ìjì a máa ká ènìyàn mọ́lé lójijì. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1900, họ́ríkéènì kan kọ lu ìlú Galveston ní Texas, ó sì pa ènìyàn tí kò dín ní 6,000. Lóde òní, ó ti yàtọ̀. Sátẹ́láìtì ń ṣọ́ òkun láti ojú ọ̀run tọ̀sán-tòru. Ọkọ̀ òfuurufú pàtàkì ń wọ inú ìjì lọ láti wọn agbára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó èyí, National Hurricane Center tí ó wà ní Miami, lè sọ ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ibi tí ìjì ṣeé ṣe kí ó gbà.

Ní ti Katrina, wọ́n rí i kí ó tó dé. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Max Mayfield tí í ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà nígbà náà pe gómìnà Louisiana, gómìnà Mississippi àti olórí ìlú New Orleans lórí tẹlifóònù fúnra rẹ̀, kí ó lè dá a lójú pé wọ́n mọ bí ọ̀ràn náà ti wúwo tó. Nítorí náà, a kò lè sọ pé kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ tí ó tọ́ lẹ́nu onímọ̀ lè di nǹkan mìíràn létí ará ilé. Ohun méjì ni ó sábà máa ń fà á.

Ìkíní ni nọ́ńbà. Ìpele márùn-ún ni wọ́n pín họ́ríkéènì sí. Ìpele kìíní bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀fúùfù tí ń sáré ní 119 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ìpele karùn-ún bẹ̀rẹ̀ láti orí 252. Ẹ̀fúùfù nìkan ni nọ́ńbà yìí ń wọ̀n, kì í wọn omi. Bẹ́ẹ̀ sì ni omi ni ó ń pa ènìyàn jù. Láti ọdún 1963 sí ọdún 2012, nínú ènìyàn mẹ́wàá tí irú ìjì bẹ́ẹ̀ pa ní tààràtà ní Amẹ́ríkà, bíi mẹ́sàn-án ni ó jẹ́ pé omi ni ó pa wọ́n.

Ní etíkun Mississippi, àwọn àgbà rántí Camille dáadáa, họ́ríkéènì ìpele karùn-ún tí ó jà níbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1969. Ilé tí Camille kò bá wó, olúwarẹ̀ gbà pé kò sí ìjì tí yóò tún wó o láyé. Nígbà tí Katrina fi máa gorí ilẹ̀, ó ti rọlẹ̀ dé ìpele kẹta. Ọ̀pọ̀ sọ lọ́kàn ara wọn pé ẹni tí ó bá kìnnìún jà tí kò kú, kí ni yóò fi ajá ṣe? Ṣùgbọ́n Katrina fẹ̀ ju Camille lọ púpọ̀púpọ̀, omi òkun tí ó tì wá sórí ilẹ̀ sì ga ju mítà mẹ́jọ lọ ní àwọn ibì kan. Ó dé ibi tí ti Camille kò dé. Ìdí nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi máa ń sọ pé ènìyàn tí Camille pa ní 2005 pọ̀ ju èyí tí ó pa ní 1969 lọ. Ìrántí rẹ̀ ni wọ́n ní ó pa wọ́n.

Ìkejì ni àwòrán. Bí ìjì bá ń bọ̀, wọ́n a máa ya àwòrán kan tí ó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Ó tín-ín-rín níbi tí ìjì wà lónìí, ó sì ń fẹ̀ síwájú bí ọjọ́ ti ń jìnnà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá ní ìjì mẹ́ta, bíi méjì nínú wọn ni àárín rẹ̀ kò ní jáde kúrò nínú àrọ náà. Ẹ̀kẹta lè yà. Kò sì sọ pé ẹni tí ó wà lẹ́yìn àrọ ti bọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí ìjì Ian ń lọ sí Florida, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lára àárín àrọ náà tí ó kọjú sí agbègbè Tampa. Ìlú Fort Myers wà ní etí rẹ̀. Ìjì náà yà. Ọjọ́ 27 ni àwọn aláṣẹ agbègbè Fort Myers pàṣẹ pé kí àwọn ará etíkun máa lọ. Ní ọjọ́ 28, ìjì ti dé. Ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ni ó kú ní Florida.

OHUN TÍ Ó DÁ WỌN DÚRÓ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí New Orleans. Ìlú tí ó rí bí àwo kòtò ni. Odò Mississippi wà lápá kan, ọ̀sà ńlá kan tí ń jẹ́ Pontchartrain wà lápá kejì, bí ìdajì ilẹ̀ ìlú náà sì rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ará ibẹ̀ ní àkókò náà ni ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, òṣì sì pọ̀ láàárín wọn.

Owó ni ohun àkọ́kọ́ tí ó dá ènìyàn dúró. Ìkànìyàn ọdún 2000 fi hàn pé nínú ìdílé mẹ́rin ní ìlú náà, ó lé ní ẹyọ kan tí kò ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rárá. Bẹ́ẹ̀ orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ètò ìsákúrò dá lé. Wọ́n sọ gbogbo ojú títì márosẹ̀ di ọ̀nà àlọ nìkan, kí ọkọ̀ lè máa jáde wìtìwìtì. Ètò náà gbéṣẹ́ fún ẹni tí ó ní ọkọ̀. Ẹni tí kò ní ńkọ́? Ọjọ́ 29 oṣù sì ni ìjì dé. Ẹni tí ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó ìrànwọ́ ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́. Kí ni yóò fi ra epo? Kí ni yóò fi san owó hòtẹ́ẹ̀lì fún ìyàwó àti ọmọ? Àwọn tí kò rí ọ̀nà lọ ni wọ́n ní kí wọ́n wá sí Superdome, pápá ìṣeré ńlá olórùlé. Ó lé ní 20,000 ènìyàn tí ó há síbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, nínú òkùnkùn àti ooru, láìsí omi àti oúnjẹ tí ó tó.

Ohun kejì ni ìrírí. Ní ọdún 1998, wọ́n ní kí àwọn ará ìlú sá fún Georges. Ìjì náà yà lọ sí ìlà-oòrùn. Ní ọdún 2004, wọ́n ní kí wọ́n sá fún Ivan. Òun náà yà. Àwọn tí ó sá fún Ivan fi ọ̀pọ̀ wákàtí jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, wọ́n ná owó tí wọn kò ní, wọ́n sì padà wá bá ilé wọn bí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ẹni tí a bá sọ fún lẹ́ẹ̀mejì pé ẹkùn ń bọ̀, tí kò sì rí ẹkùn, nígbà kẹta yóò kọ́kọ́ parí oúnjẹ rẹ̀ ná.

Àwọn àgbà sì ní ìrírí mìíràn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1965, ìjì Betsy mú kí omi ya wọ apá kan ìlú náà lóru. Àwọn kan sá gun orí àjà ilé, omi sì ká wọn mọ́ ibẹ̀, nítorí pé kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jáde. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ìdílé rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí a máa tọ́jú àáké sí orí àjà, kí a lè fọ́ òrùlé jáde bí omi bá dé. Wọn kò kọ́ ọ pé kí a sá. Ọgbọ́n ni àáké yẹn, kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n apá tí ó gbé àáké ní 1965 ti darúgbó ní 2005.

Èyí ni ó gbé wa dé orí ohun kẹta, èyíinì ni ọjọ́ orí àti àìlera. Nínú àwọn tí Katrina pa ní Louisiana, bí ìdajì ni ó ti tó ọmọ ọdún 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Arúgbó tí kò lè gun àtẹ̀gùn, aláìsàn tí kò lè jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́wàá, kò lè dìde lọ bí ọ̀dọ́. Bí àgbà kò bá sì lọ, ọmọ a máa wà tí yóò ní òun kò lè fi ìyá òun sílẹ̀ nìkan. Àwa Yorùbá kò lè pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní olórí kunkun.

Ohun kẹrin ni ilé àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ilé tí ẹlòmíràn jogún lọ́wọ́ baba rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó ní láyé. Bí ó bá jáde, olè ńkọ́? Àwọn mìíràn kò fẹ́ fi ajá àti ológbò wọn sílẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú ibùdó ààbò kò gba ẹran ọ̀sìn. Èyí lè pa àwọn kan nínú wa lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ká àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe òfin ní ọdún 2006 pé ètò ìsákúrò gbọ́dọ̀ ka ẹran ọ̀sìn inú ilé mọ́ ọn. Agbẹ̀ tàbí darandaran wa tí kò lè fi ewúrẹ́ àti màlúù rẹ̀ sílẹ̀ fún omi yóò mọ ohun tí à ń wí.

Ohun karùn-ún ni àìgbẹ́kẹ̀lé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1927, nígbà tí odò Mississippi kún àkúnya, àwọn ọlọ́lá New Orleans mú kí ìjọba fi ẹ̀tù fọ́ odi omi ní Caernarvon, kí omi lè ya sórí ilẹ̀ àwọn ará ìgbèríko ní St. Bernard àti Plaquemines, kí ìlú ńlá lè bọ́. Owó gbà-máà-bínú tí wọ́n ṣèlérí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó tẹ àwọn tí ó pàdánù lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò tán nílẹ̀ láàárín àwọn tálákà agbègbè náà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. Bí aláṣẹ tí a kò gbẹ́kẹ̀ lé bá ní kí a fi ilé sílẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọ sí wa lọ́kàn ni pé: kí ni wọ́n fẹ́ fi ilé náà ṣe?

Ní ọdún 2009, Nicole Stephens àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ó dúró àti àwọn tí ó lọ. Wọ́n rí i pé àwọn tí ń wòran láti òkèèrè ń wo àwọn tí ó dúró bí ẹni tí kò ní làákàyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi àwọn tí ó dúró fúnra wọn, ìtàn mìíràn ni wọ́n sọ. Wọ́n sọ bí wọ́n ti ran aládùúgbò lọ́wọ́, bí wọ́n ti dúró gbọn-in, bí wọ́n ti gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Lójú tiwọn, wọ́n ṣe ohun tí agbára wọn ká.

SÍSÁ NÁÀ NÍ EWU TIRẸ̀

Kí a má ṣe rò pé ẹni tí ó bá ti sá ti bọ́ nínú ewu. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn Katrina tí ìjì Rita fi dojú kọ Texas. Ẹ̀rù Katrina ṣì wà lára gbogbo ènìyàn. Ìlú Houston àti agbègbè rẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn lórí títì. Epo tán lójú ọ̀nà, ooru mú àwọn ènìyàn nínú ọkọ̀ tí kò lè rìn. Bọ́ọ̀sì kan tí ó kó àwọn arúgbó láti ilé ìtọ́jú gbiná lẹ́bàá Dallas, ènìyàn 23 ni ó kú nínú rẹ̀. Nínú àwọn tí ó kú nítorí Rita ní Texas, èyí tí ó pọ̀ jù ni ó jẹ́ pé ìrìn àjò ìsákúrò ni ó pa wọ́n.

Nígbà tí Harvey dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, Sylvester Turner, olórí ìlú Houston nígbà náà, kò pàṣẹ pé kí ìlú tú jáde. Òjò rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ya: ní ìlú Nederland ní Texas, òjò tí ó rọ̀ ju 1,500 mílímítà lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Omi wọ ilé rẹpẹtẹ. Àwọn kan bá a wí, àwọn kan gbè é lẹ́yìn. Houston jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, bí a bá sọ̀rọ̀ ìjì níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ni à ń sọ.

BÍ KÚBÀ ṢE Ń ṢE TIRẸ̀

Kúbà kì í ṣe ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, ó sì wà ní ojú ọ̀nà ìjì gan-an. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1963, ìjì Flora pa ènìyàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti gbé ètò ààbò ará ìlú kalẹ̀ dé gbogbo àdúgbò. Kí àkókò ìjì tó dé, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ti mọ arúgbó tí ń dá gbé, aboyún, àti aláìsàn tí kò lè rìn. Wọ́n ti mọ ilé tí ó lágbára tí a lè kó wọn lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣí kúrò kì í lọ sí ibùdó. Ilé ìbátan tàbí aládùúgbò ni wọ́n ń lọ. Ìjọba ń pèsè bọ́ọ̀sì, dókítà àdúgbò ń bá wọn lọ, àyè sì wà láti kó ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti ẹ̀rọ amúǹkan-tutù pamọ́ síbi tí olè kò lè dé.

Ní ọdún 2004, nígbà tí Ivan tí à ń wí yìí kọjá létí Kúbà, bíi mílíọ̀nù méjì ènìyàn ni wọ́n ṣí kúrò, kò sì sí ẹnì kan tí ó kú. Kì í ṣe pé ètò náà kò lábùkù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjì Dennis pa ènìyàn 16 níbẹ̀. Irma sì pa ènìyàn 10 ní 2017. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìjọba tí ó lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀. Òtítọ́ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí a rí dì mú ni pé wọ́n wá ìdáhùn sí ìbéèrè ẹni tí ó fẹ́ lọ kí wọ́n tó ní kí ó lọ: ibo ni n óò sùn, ta ni yóò gbé mi, ta ni yóò ṣọ́ ẹrù mi?

New Orleans náà kọ́gbọ́n. Lẹ́yìn Katrina, wọ́n ṣètò ibi mẹ́tàdínlógún káàkiri ìlú tí ẹni tí kò ní ọkọ̀ lè lọ dúró sí, kí bọ́ọ̀sì wá gbé e. Nígbà tí Gustav ń bọ̀ ní ọdún 2008, ó tó mílíọ̀nù méjì ènìyàn ó dín díẹ̀ tí ó kúrò ní gúúsù Louisiana. Síbẹ̀, ètò kò borí ohun gbogbo. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Ida lágbára kánkán lórí omi gbígbóná, LaToya Cantrell tí í ṣe olórí ìlú nígbà náà sì sọ pé kò sí àkókò mọ́ láti kó gbogbo ìlú jáde. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ni Ida dé, ọdún 16 gééré lẹ́yìn Katrina. Àwọn odi omi tí wọ́n ti tún mọ kò ya.

ÀWA TÍ A WÀ NÍ ETÍ ODÒ ŃKỌ́?

Họ́ríkéènì kì í jà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n omi ń yalé. Àwọn tí ó wà ní Ìbàdàn ní ọdún 1980 kò lè gbàgbé omíyalé Ògùnpa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́kọ́ja, ní Mákúrdí, ní Yólà àti ní etí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé mọ ti ọdún 2012, nígbà tí ó pa ènìyàn 363, tí ó sì lé bíi mílíọ̀nù 2.1 kúrò nílé. Ẹ mọ ti ọdún 2022 pẹ̀lú, tí ẹ̀mí tí ó lọ sí i lé ní 600, tí omi sì gé ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá. Lọ́dọọdún, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń wo ojú ọjọ́ àti tí ń wọn odò ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ wọn, wọ́n sì ń dárúkọ àwọn ìpínlẹ̀ tí omi lè yọ lẹ́nu. A ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Lẹ́yìn náà, a ń padà sídìí ọjà wa.

Kí ni ó dá wa dúró? Ohun kan náà tí ó dá ará New Orleans dúró ni. Ọjà wà ní ṣọ́ọ̀bù, gbèsè wà lórí rẹ̀. Owó ilé ti sísan fún ọdún kan. Omi ọdún tí ó kọjá kò ga ju àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó ti ìlú rẹ̀ wá wá oúnjẹ sí ìlú onílùú tún ní ìṣòro mìíràn: ìbátan tí kò bá sá lọ bá jìnnà, ó sì lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò rántí orúkọ rẹ̀ bí wọ́n bá ń ka àwọn tí ó kù.

Ṣùgbọ́n a ní ohun kan tí ó jọ ti Kúbà, a kàn kò fi í ṣe irú iṣẹ́ yìí ni. Kò sí ìlú tí Yorùbá pọ̀ sí tí kò ní ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀: ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Èkìtì. A ń pàdé, a ń dá owó, a ń sìnkú, a ń sọmọ lórúkọ. Bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlú etí odò bá fi ìpàdé kan ṣoṣo, kí òjò tó le, kọ orúkọ àwọn àgbàlagbà, àwọn opó àti àwọn aláìsàn inú wọn. Bí wọ́n bá fẹnu kò lórí ilé ẹni tí ó wà ní orí òkè tí yóò gba àlejò. Bí wọ́n bá mọ ọkọ̀ ẹni tí yóò gbé Ìyá Àgbà. Bí wọ́n bá ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fún epo àti oúnjẹ, nígbà náà ni ìkìlọ̀ orí rédíò yóò di ohun tí ènìyàn lè tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin aláṣẹ náà, ẹ gbọ́. Kí a tó bínú sí ẹni tí kò kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè pé ibo ni ó rí tí ì bá lọ. Bí kò bá ní èsì, àwa ni ìbéèrè náà ń bá wí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n alákàn tí ó rí ewu gbọ́dọ̀ ní ihò tí yóò sá wọ̀.